Kọ̀máàǹdì Linux tí mo ń lò lójoojúmọ́: ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù tí fóònù mi ti ń dún, Alhaja tó ń ta léèsì ní Balógun ni. Kò pe orúkọ mi rí, Kọ̀ǹpútà ló máa ń pè mí. "Kọ̀ǹpútà, nǹkan tó o ṣe fún mi yìí ò gbà kí n kọ ọjà sílẹ̀ mọ́ o, kọ́sítọ́mà ti tò síwájú mi, kí ni kí n wí fún wọn?" Inú dánfó ni mo wà ní Ojúẹlẹ́gba, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti mú wa, kọ́ńdọ́ ń bá ìyá kan fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, laptop mi sì wà nílé. Mo ní "Ẹ má bínú mà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Mo ṣí áàpù tí mo fi ń wọ sáfà, ẹ̀rọ tí ètò Alhaja wà lórí ẹ̀, lórí fóònù, mo tẹ kọ̀máàǹdì, ìyẹn àṣẹ téèyàn ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ, bíi mẹ́fà, kí dánfó wa tó sún kúrò níbẹ̀ Alhaja ti ń tajà.

Màá sọ ohun tí mo tẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ torí mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ẹ̀rù ojú dúdú tá a ń tẹ kọ̀máàǹdì sí yẹn ṣì ń bà, èmi náà bẹ̀rù ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ra laptop tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà, 4GB RAM, Windows orí ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun bíríìjì lẹ́sẹ̀. Mo fi Ubuntu sí i, irú Linux kan ni, òun ló ń darí ẹ̀rọ bíi ti Windows, ara ẹ̀ yá, ọ̀fẹ́ sì ni. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991 nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì ní Helsinki, òun náà ló sì wà lábẹ́ Android tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, torí náà ẹ ti ń lo Linux tipẹ́ láìmọ̀.

Oríṣi méjì ni kọ̀máàǹdì lójú tèmi: èyí tó ń wo nǹkan àti èyí tó ń fọwọ́ kan nǹkan. Èyí tó ń wò ò lè ba nǹkan jẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èkejì yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Àwa tá a ti jìyà ẹ̀, a máa ń wò lẹ́ẹ̀mẹta ká tó fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan.

Ctrl+Alt+T ló ń ṣí terminal, ojú dúdú yẹn, lórí Ubuntu. Ẹ máa rí $ níparí ìlà, ó ń retí yín nìyẹn. Tó bá jẹ́ # lẹ rí, a jẹ́ pé root lẹ fi wọlé, ọba ilé, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ fẹ́ ṣe, ẹ jáde níbẹ̀ tí ò bá nídìí. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí lẹ́tà kékeré, Oja àti oja, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, tẹ́ ẹ bá ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù kò ní hàn rárá, àmì ìràwọ̀ pàápàá ò ní hàn, àbúrò mi rò pé kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ló bàjẹ́, ó ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń tún un ṣe. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Bọ́tìnnì Tab ń parí orúkọ fún yín, ọfà òkè ń mú ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ kẹ́yìn padà wá, Ctrl+C sì ni bíréèkì, òun lẹ máa tẹ̀ tí nǹkan bá ń sáré tẹ́ ẹ fẹ́ kó dúró. Ẹ ò lè fi Ctrl+C ṣe kọ́pì níbẹ̀ o, Ctrl+Shift+C ni.

Ó yá, ibo lẹ wà?

pwd
ls -lah
cd /var/log

pwd sọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí. ls kó ohun tó wà níbẹ̀ jáde, l ní kó sọ ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, a ní kó mú àwọn fáìlì tó fara pamọ́ náà wá, h ní kó fi K, M àti G kọ bó ṣe tóbi tó. cd ló ń gbé yín lọ. Ẹ wo àdírẹ́sì báyìí: tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà pé "ilé kẹta lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí", ó sinmi lórí ibi tẹ́yin méjèèjì dúró sí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ ìlú, àdúgbò, títì àti nọ́ńbà ilé, ibikíbi tó bá ti ń bọ̀ á débẹ̀. Èyí tó fi / bẹ̀rẹ̀ ni àdírẹ́sì pípé, èyí tí kò fi / bẹ̀rẹ̀, ibi tẹ́ ẹ wà ló ti ń kà á. cd .. padà sẹ́yìn ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan, cd - dá yín padà síbi tẹ́ ẹ ti wá, cd lásán gbé yín délé.

Fún kíkà fáìlì, cat ń da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dáa fún fáìlì kékeré. Èyí tó bá gùn, less, ẹ máa yí i lọ sókè sódò, ẹ tẹ q láti jáde. Mo mọ ẹnì kan tó há sínú less tó wá pa laptop ẹ̀ látorí bọ́tìnnì, ẹ má rín in, q yẹn ò kọ ara ẹ̀ síbì kankan tó hàn dáadáa. grep ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, find ń wá fáìlì fúnra ẹ̀:

grep -i "error" oja.log
find /home -name "*.pdf" -size +50M

Ti ìsàlẹ̀ yẹn ní kó wá gbogbo PDF tó ju 50M lọ. Ohun tí ò bá sì yé yín, man ls, tàbí ls --help, ó ń ṣàlàyé ara ẹ̀, àlàyé yẹn kàn gbẹ bíi gààrí ìjẹta ni.

Fífọwọ́kàn wá délẹ̀. mkdir -p ń dá fódà, cp -r ń ṣe ẹ̀dà fódà, mv ń gbé nǹkan láti ibì kan síbòmíì, òun náà lẹ fi ń yí orúkọ padà. Tí fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn bá ti wà níbi tẹ́ ẹ ń gbé e lọ, mv àti cp máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ẹ fi -i sí i kó lè bi yín.

Ní ti rm tó ń pa fáìlì rẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Òru ọjọ́ kan ni, ní Yábàá, mo ń kó ilẹ̀ nínú fódà iṣẹ́ mi, àwọn fódà kan wà níbẹ̀ atijo1, atijo2, atijo3, mo fẹ́ pa wọ́n rẹ́. Ohun tó yẹ kí n tẹ̀ ni rm -rf atijo*, ìràwọ̀ yẹn dúró fún ohunkóhun. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

rm -rf atijo *

Ṣé ẹ rí àlàfo yẹn? Àlàfo kan ṣoṣo. Ohun tí Linux gbọ́ ni pé kó pa ohun tó ń jẹ́ atijo, kó sì pa gbogbo ohun tó kù níbẹ̀. f yẹn sì ni "má bi mí", torí náà kò bi mí. $ padà wá lójú ẹsẹ̀, jẹ́ẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo tẹ ls, òfìfo. Kò sí kọ́ńtéénà ìdọ̀tí tẹ́ ẹ ti lè lọ ṣa á níbí o, ohun tó lọ ti lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jókòó síbẹ̀, fáànù ń yí lórí mi, òógùn ń bọ́.

Àtìgbà yẹn, ls ni mo kọ́kọ́ máa ń tẹ̀: ls atijo*, mo wo ohun tó kó jáde, tó bá jẹ́ ohun tí mo fẹ́ pa nìyẹn, màá tẹ ọfà òkè, màá pa ls, màá kọ rm -r síbẹ̀. f ò sí níbẹ̀ àyàfi tí mo bá mọ̀dí ẹ̀. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

sudo ni ẹ fi ń yá agbára root fún kọ̀máàǹdì kan ṣoṣo. Kò yẹ kẹ́ ẹ máa fi síwájú gbogbo nǹkan bí ẹni fi ata sọ́bẹ̀. Tí Linux bá sọ pé Permission denied, ìyẹn ni pé ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ fi ls -l wo ẹni tó ni fáìlì yẹn. Lẹ́yìn náà:

sudo chown -R oja:oja /srv/oja
chmod 640 setin.conf

chown ń yí olówó ẹ̀ padà. chmod ń pín ẹ̀tọ́: 4 ni kíkà, 2 ni kíkọ, 1 ni kó ṣiṣẹ́ bí ètò, ẹ ro wọ́n pọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti olówó ẹ̀, èkejì ti ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ̀kẹta ti gbogbo ayé. Torí náà 640, olówó ẹ̀ lè kà lè kọ, ẹgbẹ́ lè kà, gbogbo ayé ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe chmod 777 kí wàhálà lè tán, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má ṣe é, ńṣe ló ní kẹ́ ẹ yọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín torí pé kọ́kọ́rọ́ ń há.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú dánfó. Bí mo ṣe wọlé, log ètò Alhaja, oja lorúkọ ètò yẹn, ni mo kọ́kọ́ wò, ìyẹn fáìlì tó ń kọ ohun tó bá ṣe sí, mi ò tún nǹkan kan tan, mi ò pa nǹkan kan:

tail -n 20 /var/log/oja/oja.log

Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá: No space left on device. Dísìkì ti kún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa wo log bó ṣe ń wọlé, tail -f ni, ó dà bí kẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà máa ka àwọn tó ń wọlé. Mo tẹ

df -h

Ó kó àwọn dísìkì jáde, bí wọ́n ṣe tóbi, èyí tí wọ́n ti lò, èyí tó kù. Ìlà tó parí sí / kọ 100%. 25G, ó ti jẹ ẹ́ tán. Ta ló jẹ ẹ́?

sudo du -xh --max-depth=1 / | sort -h

du ń wọn fódà kọ̀ọ̀kan, x ní kó má kúrò lórí dísìkì yẹn, igi tó dúró láàárín yẹn gba ohun tí du sọ ó gbé e fún sort, sort tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, torí náà ìsàlẹ̀ lọ̀daràn wà, lókè ìlà àròpọ̀ gbogbo ẹ̀ tó kẹ́yìn. /var ni, 17G. Mo tún un tẹ̀, mo fi /var sípò /, ó ní /var/log, mo tún wọ ibẹ̀, bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ olè ni, títí mo fi tẹ ls -lhS tó ń fi fáìlì tó tóbi jù síwájú. Fáìlì oja.log, òun nìkan ṣoṣo, 14G. Èmi náà ni olè yẹn. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn mo ní kí ètò yẹn máa kọ gbogbo nǹkan tó bá ṣe sílẹ̀ torí mo ń wá àṣìṣe kan, mo rí àṣìṣe, mo gbàgbé láti sọ fún un pé ó tó. Ó ń kọ ọ́ lọ.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa rm fáìlì yẹn. Ẹ má ṣe é. Ètò tó ń kọ nǹkan sínú ẹ̀ ṣì dì í mú, orúkọ fáìlì á lọ ṣùgbọ́n ààyè ò ní padà, df á ṣì máa pariwo 100% títí ẹ ó fi tún ètò yẹn tan, ẹ̀yin á wá máa wò pé kí ló dé tẹ́ ẹ pa 14G tí nǹkan kan ò yí padà. Ẹ sọ ọ́ di òfìfo ni:

sudo truncate -s 0 /var/log/oja/oja.log
sudo systemctl restart oja

Mo tẹ df -h lẹ́ẹ̀kan sí i, 44%. Alhaja pè, "Kọ̀ǹpútà, ó ti ń gbà á o, Ọlọ́run á bù kún ẹ." Nígbà tí mo délé mo ṣètò logrotate kó máa gé log yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì pa ìkọkúkọ yẹn.

Àwọn míì tó tún máa ń jẹ dísìkì: ìwé ìrántí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, ẹ fi journalctl --disk-usage wò ó, kẹ́ ẹ fi sudo journalctl --vacuum-size=200M gé e kù; àti àwọn ohun tí apt, èyí tó ń fi ètò sórí Ubuntu, ti gbà wálẹ̀ tó kó pa mọ́, sudo apt clean ló ń kó ìyẹn. Tí df -h bá ní ààyè wà síbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń sọ pé kò sááyè, ẹ tẹ df -i, ó lè jẹ́ iye fáìlì ló pọ̀ jù, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tóbi.

Tí ẹ̀rọ bá ń fà bí ìgbín, top ni, tàbí htop tó lẹ́wà jù ú lọ, ẹ fi apt gbé e sórí. Ẹ máa rí ẹni tó ń jẹ CPU àti ẹni tó ń jẹ RAM. free -h náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ má wo ibi tó kọ free, ibi tó kọ available ni kẹ́ ẹ wò, torí Linux máa ń fi RAM tí ò níṣẹ́ tọ́jú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, tí ẹlòmíì bá nílò ẹ̀ á yọ̀ǹda ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé jáde, ẹ wá nọ́ńbà ẹ̀:

ps aux | grep oja
kill 4182

kill lásán ń bẹ ètò yẹn pé jọ̀ọ́ kó palẹ̀ mọ́ kó máa lọ. kill -9 ò bẹ̀ ẹ́, ó já iná lára ẹ̀ ni, ohun tó bá ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, ẹ dúró díẹ̀.

Fún àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, systemctl ni: status ń wò, start ń tan án, stop ń pa á, restart ń pa á tún tan án, enable ní kó máa dìde fúnra ẹ̀ tí ẹ̀rọ bá tàn. Ní Èkó tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má gbàgbé enable yẹn, láìsí i, sáfà tó wà ní ọ́fíìsì yín á tàn padà ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ á sùn lọ. Tó bá kọ̀ láti dìde, ẹ bi í léèrè: journalctl -u oja -n 50, á kó ìlà 50 tó sọ kẹ́yìn jáde.

Ètò tuntun, àpẹẹrẹ htop:

sudo apt update
sudo apt upgrade
sudo apt install htop

update ò fi nǹkan kan sórí ẹ̀rọ o, ó kàn lọ wo ohun tó dé lọ́jà ni, upgrade ló ń ra á wálé, ìyẹn ló ń jẹ dátà. Fedora, irú Linux míì, ní tiẹ̀ ń lo dnf.

Láti wọ sáfà tó wà níbòmíì, ssh:

ssh oja@203.0.113.7

Ẹ fi ssh-keygen ṣe kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ fi ssh-copy-id gbé e síbẹ̀, ìyẹn dáa ju pásíwọ́ọ̀dù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbé Èkó mọ̀ ni tmux. Nẹ́tíwọ̀kì wa ò ṣeé fọkàn tẹ̀. Mo ti wà lórí Third Mainland rí, nínú ọkọ̀, mo ń ṣe apt upgrade fún sáfà kan, nẹ́tíwọ̀kì lọ bí a ṣe dé àárín bíríìjì, ìsopọ̀ já, iṣẹ́ tó ń lọ lórí sáfà náà já. Kọ̀máàǹdì sudo dpkg --configure -a ni mo fi tún un ṣe, àmọ́ ọkàn mi kọ́kọ́ fò. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ tẹ

tmux new -s ise

kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gùn. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, tí bátìrì kú, tí ẹ sùn lọ, iṣẹ́ yẹn ń bá ara ẹ̀ lọ lórí sáfà. Ẹ tún wọlé, ẹ tẹ tmux attach -t ise, ẹ máa bá a níbi tó dé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ fúnra yín, Ctrl+b, kẹ́ ẹ jáwọ́, kẹ́ ẹ wá tẹ d.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá ń gbé fáìlì ńlá, scp dáa fún kékeré, ṣùgbọ́n tó bá já láàárín, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí. rsync -avP ló máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró, dátà yín ò ní ṣòfò. Backup Alhaja, ìyẹn ẹ̀dà nǹkan ẹ̀ tá a tọ́jú síbòmíì, rsync ló ń gbé e, aago méjì òru, crontab -e ni mo fi ṣètò ẹ̀:

0 2 * * * rsync -a /srv/oja/ /mnt/backup/oja/

0 ìṣẹ́jú, aago 2, àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn ni ojoojúmọ́, oṣooṣù, ọjọ́ èyíkéyìí nínú ọ̀sẹ̀. /mnt/backup yẹn dísìkì míì ni o, backup tó wà lórí dísìkì kan náà, ẹ ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ rí, history ló ń kó o jáde, Ctrl+R ń jẹ́ kẹ́ ẹ wá a: ẹ tẹ lẹ́tà díẹ̀ nínú ẹ̀, á gbé e wá. Nítorí ẹ̀, ẹ má kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú kọ̀máàǹdì, á wà nínú history níbẹ̀, ẹni tó bá yá laptop yín á kà á.

Ó ku shutdown. sudo reboot ń pa ẹ̀rọ tún un tan, sudo shutdown now ń pa á pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo parí iṣẹ́, oorun ń kùn mí, mo fẹ́ pa laptop mi, mo tẹ sudo shutdown now. Laptop ò kú. Ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé Connection closed. Ojú mi là kedere: inú sáfà Alhaja ni mo ṣì wà. Sáfà yẹn ò sí ní Balógun, òkè òkun ló wà, a yá a ni, kò sẹ́ni tó máa bá mi tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, mo ní láti wọ wẹ́bùsáìtì àwọn tó yá wa, mo ń wá pásíwọ́ọ̀dù tí mi ò tíì lò fún ọdún kan. Báyìí, kí n tó pa ẹ̀rọ kankan, màá tẹ hostname, á sọ orúkọ ẹ̀rọ tí mo wà nínú ẹ̀. Mo sì fún ti Alhaja lórúkọ tó yé mi:

sudo hostnamectl set-hostname balogun

Tí mo bá ti rí balogun lẹ́gbẹ̀ẹ́ $ yẹn, ọwọ́ mi á fà sẹ́yìn fúnra ẹ̀.